Kí Ló Ń Já Aṣọ Wa Bọ́ Lórí Okùn?

Ìyàwó mi ló dá a lábàá pé ká má fi ẹ̀rọ mú aṣọ gbẹ mọ́. Ó ní iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ti pọ̀ jù, pé oòrùn wà níta tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n jó. Iṣẹ́ iná ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè mí ní Oníná, títí kan ìyàwó mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo nílé pé kí wọ́n pa iná yàrá tí kò séèyàn níbẹ̀. Ó wá jọ pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ ẹnì kan létí.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ta okùn sí ẹ̀yìnkùlé, láti ara ògiri ilé ìdáná dé ara òpó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Mo ra ogójì pẹ́ẹ̀gì, mo kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kan, mo sì gbé e kọ́ sára òpó náà. Mo pe ìyàwó mi kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó wò ó, ó ní mo kú iṣẹ́.

Kò pé oṣù kan tí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Èmi máa ń sá àwọn ṣẹ́ẹ̀tì mi ní Sátidé, ọ̀kan kì í já. Ṣùgbọ́n tí ìyàwó mi bá sá aṣọ ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó bá wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń di irun fáwọn obìnrin, kó tó di ọ̀sán, ìdajì aṣọ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti yí mọ́ yẹ̀pẹ̀. Èmi ni mo ń ṣà wọ́n, èmi náà ni mo ń tún wọn fọ̀.

Mo bi í pé kí ló dé.

“Atẹ́gùn ni, Oníná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ sílẹ̀.”

Ta ló máa fi í sílẹ̀? Nǹkan tí mi ò bá tíì rí ìdí ẹ̀, oúnjẹ kì í dà nínú mi. Mo gé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo so ó mọ́ okùn kí n lè mọ bí atẹ́gùn ṣe lágbára tó, mo sì gbé àga tì í láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ọ̀rá náà kàn ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Kì í ṣe atẹ́gùn.

Ó wá ku ajá tíṣà tó múlé tì wá. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Tíṣà, ẹ má bínú o. Ajá yín ló ń fa aṣọ wa lulẹ̀.”

Tíṣà wò mí tìyanu-tìyanu. “Ajá mi kẹ̀? Oníná, ajá tí kò léyín lẹ́nu mọ́!” Ó pe ajá náà kí n lè fojú ara mi rí i. Àtidìde nìkan gbà á tó ìṣẹ́jú méjì, nígbà tó sì dìde tán, ó tún jókòó padà. Mo kí ajá, mo kí tíṣà, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo délé ni mo rántí pẹ́ẹ̀gì. Bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Mo sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tí èmi máa ń lò wà lórí okùn níbi tí mo fi wọ́n sí. Àwọn yòókù wà nínú apẹ̀rẹ̀, aláǹtakùn sì ti takùn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ kàn wọ́n láti ọjọ́ yìí wá.

Inú bí mi gan-an. Mo ní àṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ẹ̀rọ rẹ̀ ló tún ń wù ú, ó fẹ́ kí okùn sú mi. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, mo ní mò ń lọ gé irun, irun tí mi ò ní. Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mo tún yọ́ wọlé, mo sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnì ilé ìdáná kí n lè ká a mọ́ ọn.

Ó gbé bákẹ́ẹ̀tì aṣọ jáde. Igbọ̀nwọ́ ló fi gbé e. Ó ń ju aṣọ sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi apá tì wọ́n kí wọ́n lè dọ́gba. Nígbà tó kan aṣọ ibùsùn, eyín ló fi fà á. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú pẹ́ẹ̀gì kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, pẹ́ẹ̀gì náà la ẹnu díẹ̀, ó tún pa á dé, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ koríko.

Gbogbo ìbínú mi pòórá. Mo jáde lọ bá a.

“Ẹ̀yin! Ṣé irun lẹ ti gé tán?”

“Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

“Ìyá wọn, mo dúró níbẹ̀ yẹn. Mo rí ẹ.”

Ó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró. “Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ yẹn ni mi ò lè ṣí mọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti dárúkọ iná, inú yín á dùn, ẹ ò ní bi mí ní nǹkan kan.”

Ojú tì mí. Lóòótọ́ ni, mi ò bi í. Mo bi atẹ́gùn, mo bi ajá ẹni ẹlẹ́ni.

“Ṣọ́ọ̀bù wá ńkọ́?”

“Mò ń sọ fún wọn pé irun ńláńlá ló wà lóde báyìí. Tó bá jẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n padà wá, wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ.” “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń di irun, Oníná. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?”

“Bóyá ó kàn rẹ ọwọ́ ni. Bóyá kò tó bẹ́ẹ̀.” Mo na ìka méjì sí i, nítorí mi kì í gba nǹkan gbọ́ láìdán an wò. “Gbà, di èyí mú.”

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó sì fi yí ìka mi ká. Omi aṣọ ti mú kó tutù. Mo dúró dè é.

“Ó yá, dì í mú pinpin. Má bẹ̀rù pé o máa ṣe mí léṣe.”

Ó gbójú sókè wò mí, omi ti kún ojú rẹ̀.

“Oníná,” ó ní, “gbogbo agbára mi nìyẹn.”