Àwòrán Tó Dé Láìpé

Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn náà, nítorí òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà àti wáyà tó so wọ́n pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà eegun já wọlé tọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ le koko.

“Àwòrán eegun ọwọ́ aláìsàn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ẹ̀ka wa, ibì kan ṣófo nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ní kí aláìsàn máa lọ sílé. Ìgbà tí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ ni mo rí i pé ibi tó ṣófo yẹn gan-an ni eegun ti sán!”

Ìyá Wáyà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tú ètò tó ń gbé àwòrán wò, ó sì rí i pé UDP ni wọ́n lò. Ìlànà yìí máa ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́, á jù ú sọ́nà, kì í bèèrè bóyá ó dé. Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ ètò náà lọ, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi TCP gbé àwòrán. Ìyẹn á kọ́kọ́ kí ẹni tó fẹ́ gbà á. Èyí tí onítọ̀hún ò bá jẹ́wọ́ pé ó dé, á tún un fi ránṣẹ́.”

“TCP tó ń wọ́ bí ìgbín? Ṣebí UDP náà la fi ń pe ara wa lórí fóònù, ta ló ráhùn?”

“Ti ìpè dáa bẹ́ẹ̀, sà. Bí ohùn bá já díẹ̀, etí á fò ó. Ṣùgbọ́n dókítà ò lè méfò lórí eegun. Arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ, asárétete ò róyè jẹ. Tótó ó ṣe bí òwe.”

“O ó rí òmíràn pa. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ.”

Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ kò gbà. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi fi igba àwòrán àdánwò ránṣẹ́ nípasẹ̀ UDP, ní wákàtí tí ojú ọ̀nà inú wáyà máa ń dí jù. Mọ́kànlá dé láìpé. Ó fi igba kan náà gba TCP: gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, àfi pé ó fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ́. Ó tẹ mọ́kànlá náà sórí ìwé, ó tò wọ́n síwájú ọ̀gá.

Ọ̀gá mú ọ̀kan. Egungun ìhà ni, ìlà aláwọ̀ eérú tó ṣófo gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò.

“Eré tí UDP ń sá ni mo fẹ́ràn,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “N ò ronú kan èyí. Fa àga sún mọ́ mi, ká ṣí ètò náà.”

Wọ́n fi ìpè sílẹ̀ sórí UDP, wọ́n kó àwòrán sórí TCP. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwòrán orúnkún bàbá arúgbó kan ń wọlé bọ̀.

“Ó mà falẹ̀ o!” ni dókítà wí.

“Ẹ fara balẹ̀, dókítà,” Ìyá Wáyà dáhùn, kò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Ó ń bọ̀, á sì pé.”