Ohùn Gbádébọ̀ Nínú Fóònù Tí Kò Ní Síìmù

Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ àlá tí Ìbídùn lá lọ́sàn-án àná fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rọra rín in. Ọmọ náà ṣì ń gbọ̀n; inú ìwé ló kọ ọ́ sí fún mi.

Ìbídùn yìí ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí Ṣọlápé, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Ìkirè. Fóònù pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, olówó pọ́ọ́kú, kò sì ní síìmù nínú. Kò lè fi pe ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò lè pè é. Ìtàn ìfẹ́ ló fi ń kà, àwòrán ló fi ń wò, iná rẹ̀ ló sì fi ń wá abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́. Ṣùgbọ́n torí ohùn Gbádébọ̀, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló ṣe ń gbé e sáyà sùn. Ọjọ́ tí Gbádébọ̀ ń bá ọkọ̀ àlùbọ́sà lọ sí Sókótó, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó gba fóònù náà, ó sì sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀: "Ìbídùn, dúró dè mí." Láti ìgbà náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ohùn yẹn nìkan ló kù.

Nínú àlá náà, Ìbídùn jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún odò kan. Kò yà á lẹ́nu rárá. Odò náà dúró jẹ́ẹ́, ó na apá kí Ìbídùn lè wọ̀n ọ́n. Ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ìbídùn," fóònù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wọ́n ń pè mí o."

"Ta ló ń pè ọ́? Ṣebí o ò ní síìmù."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ó wojú rẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà. Ohùn Gbádébọ̀ ló ń dún láti inú lọ́hùn-ún: "Ìbídùn! Ìbídùn o!" Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà ní àtàrí. Ta ni wọn ò sì kìlọ̀ fún nílé wọn pé a kì í jẹ́ ìpè ọ̀sán gangan nígbà tí a ò rí ojú ẹni tó ń pè? Ìbídùn fọwọ́ bo ẹnu.

"Má dáhùn o," odò sọ fún un. "Gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ mi, wọ́n dáhùn ni."

Kò tíì mí tán tí odò fi di àtẹ̀gùn. Ìbídùn gùn ún lọ sókè, títí ó fi dé ọ́fíìsì kan tó léfòó sínú òfuurufú láìsí òpó. Ọ̀gá kan tó ń ṣọ́ ìpè jókòó síbẹ̀, ó wọ kóòtù, ó de táì.

"Ẹ káàsán, sà." Ìbídùn kúnlẹ̀ sórí afẹ́fẹ́.

"Káàsán, ìyàwó. Fóònù tí kò ní síìmù kò gbọdọ̀ gbé ohùn ènìyàn. Mú un wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ohùn àfẹ́sọ́nà mi ni. Òun nìkan ni mo ní."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín ń wí. Ìfẹ́, ìfẹ́! Ṣé ìfẹ́ ló máa..."

Kò parí rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ wálẹ̀, ó di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbídùn tún kúnlẹ̀ kí i, torí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Òbúkọ ti ẹnu bọ inú fóònù. Ó jẹ àwòrán. Ó jẹ ìtàn ìfẹ́, ó jẹ ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ó ku bàtà gogoro rẹ̀ nìkan.

"Ìbídùn, gbà mí!" Fóònù ń sunkún. "Ohùn ló kàn!"

Ìbídùn di ìwo òbúkọ mú, ìwo yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí òrí. Ó ń gbọ́ bí eyín ṣe ń wọ ohùn Gbádébọ̀: "Ìbí... dú..."

"Ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀! Ẹ gba tèmi!"

Òbúkọ gbójú sókè, ó ń jẹnu. "Ìwọ náà jẹ́ ìpè, kí ohùn tìẹ lè wọlé wá bá mi. Màá fi tirẹ̀ sílẹ̀."

Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tó wà nínú odò gbójú sókè, wọ́n ń wò ó. Bí Gbádébọ̀ bá dé, kí ni yóò fi sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ohùn ọ̀hún bá lọ, kí ni yóò kù tí yóò máa dúró dè?

"Ìbídùn!" fóònù tún pè.

"Èmi rè é!"

Ló bá jí. Àǹtí Ṣọlápé ló ń pè é láti ilé ìdáná, "Ìbídùn! Àbí o ò gbọ́ ni?" Ìbídùn la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló jáde.

Àǹtí rẹ̀ yọjú, ó wò ó, ó mi orí. "Ohùn ẹ ti ha pátápátá. Mo ní kí o yé ṣí fèrèsé sùn nínú ọyẹ́ yìí, o ò gbọ́."

Ìka Ìbídùn ti ń wá fóònù lórí àyà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà jáde ketekete, kò fi ibì kan dínkù: "Ìbídùn, dúró dè mí."

Àǹtí Ṣọlápé bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ ń pe ìyàwó," ó ní. "Ṣé o ò ní dá a lóhùn ni?"