Ọmọ Tí Ẹ̀rọ Ní Kí Wọ́n Lọ Mú

"Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n lọ mú ọmọ yìí?" Alábẹ̀wò bi ọ̀gá ọ́fíìsì náà.

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló dárúkọ ẹ̀. Èèyàn wo ló fọwọ́ sí i?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni láti gba ọmọdé kúrò lọ́wọ́ òbí tó bá ń fìyà jẹ ẹ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a máa lọ wo ilé, wọn a bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn wá, yàrá àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ti ṣófo; àga ni wọ́n tò léra wọn síbẹ̀. Ìjọba kan náà ló rán obìnrin alábẹ̀wò yìí wá, pé kó wo bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Obìnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kékeré ni ọmọ náà. Ẹ̀sùn tí ẹ̀rọ kà sí ìyá rẹ̀ lọ́rùn ni pé ó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà.

"Ṣé ẹ ò rí i pé ikọ́ fée ló ń ṣe é ni? Èmi náà ń gbé tèmi lọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má sọ ìyẹn sókè, mà, kí ẹ̀rọ má baà gbọ́." Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Obìnrin náà dìde. "Ẹ dá ọkọ̀ tó fẹ́ lọ mú un dúró."

"Mi ò láṣẹ ẹ̀. Ọ́fíìsì yín ló ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ yí ìdájọ́ ẹ̀rọ padà, kí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ má baà wọ̀ ọ́."

Ó sáré jáde. Awakọ̀, bàbá àgbàlagbà kan, ti jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n sì ti de àga ọmọdé mọ́ ẹ̀yìn. Obìnrin náà na ọwọ́ wọlé, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Bàbá náà ò bá a jà.

"Ẹ ṣeun, mà. Iṣẹ́ yìí ti sú mi."

Kò pẹ́ tí fóònù bàbá fi dún. Ó wò ó, ojú rẹ̀ fà ro. "Ẹ̀rọ ní mo ti pẹ́ jù. Ó ti gbé iṣẹ́ náà fún ọkọ̀ ẹ̀ka kejì. Wọ́n ti gbéra."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ọ̀gá dúró lójú fèrèsé, fóònù létí, ó ń wò ó. Obìnrin náà dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bàbá, ó wọlé jókòó níwájú.

"Ẹ gbé mi débẹ̀ ṣáájú wọn, bàbá."

"Tá a bá wá débẹ̀ ńkọ́?"

"Màá dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyá yẹn."

"Orúkọ yín náà á wọ inú ẹ̀rọ o."

Ó so bẹ́líìtì mọ́ra. "Ẹ jẹ́ á máa lọ."