Igbe Inú Sípíkà Lihanda

Ní Sátidé tí akọ màlúù Bàbá Shimenga yíjú padà lójú ọ̀nà pápá tí wọ́n ti ń mú màlúù jà, gbogbo ìlú Khayega ló mọ ẹni tó fà á. Lihanda ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ pé kó fi alùpùpù rẹ̀ ṣíwájú màlúù náà, kó máa fi orin wú u lórí títí tí wọ́n á fi débẹ̀. Sípíkà mẹ́rin ló wà lára alùpùpù yẹn, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọn sókè sì wà lábẹ́ ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí Lihanda ṣe fún ẹ́ńjìnì níná báyìí, igbe kan já wọ inú orin, wíìììn, bí ẹ̀fọn ńlá tó há sínú etí èèyàn. Màlúù dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Àárín ẹ̀wà tí obìnrin kan sá sóòrùn ló gbà kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn lápá bí ẹni tó ń pa ẹ̀fọn.

"Ẹ wá nẹ́ẹ̀tì o, ọ̀gá ń bọ̀."

Lihanda á rẹ́rìn-ín, á sì yára wakọ̀ kọjá. Bàbá Shimenga ti ní òun á dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí igbe yẹn bá tún jáde, kó má wulẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó gbé alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ Màmá Musimbi, opó kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọgbàdo, tó máa ń fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Màmá ní kó tan orin láìtan ẹ́ńjìnì. Orin mọ́ gaara. Ó ní kó tan ẹ́ńjìnì. Igbe dé. Bí Lihanda ṣe ń fún un níná sí i ni igbe náà ń ga sí i.

"Sípíkà rẹ ò bàjẹ́," ni Màmá wí. "Iná tí ẹ́ńjìnì ń mú wá ló rí ọ̀nà kan yọ́ wọ inú orin. Ọ̀nà yẹn la máa wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọwọ́ alùpùpù, níbi tí Lihanda so fóònù rẹ̀ mọ́. Wáyà méjì ló wà nídìí fóònù náà: ọ̀kan ń gbé orin lọ sábẹ́ ìjókòó, ìkejì ń fi iná alùpùpù ṣájì í. Màmá wò ó títí, ó sì ní, "Hùn-ún."

"Kí lẹ rí, Màmá?"

"Mi ò tíì rí nǹkan kan. Ojú ọ̀nà la ti máa dán an wò. Jẹ́ kí n mú báàgì mi."

Ó kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò lára irin níbi tí wáyà dúdú tó so ẹ̀rọ ohùn mọ́ ara alùpùpù ti wọlé, ó dè é le, ó sì ní kí Lihanda gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń dún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dá ìkòkò tó yá padà fún ìyàwó olùṣọ́. Igbe ò lọ. Ó fa wáyà orin jìnnà sí wáyà iná, ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní kí wọ́n lọ títí dé ọ̀dọ̀ aránṣọ. Igbe ò lọ. Màmá wọlé sọ́dọ̀ aránṣọ, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú aṣọ tuntun aláwọ̀ ewé lọ́rùn.

"Ó ku ibì kan," ló wí. "Gba ọ̀nà Shinyalu."

"Màmá, ṣé ọ̀nà Shinyalu ló ni ariwo ni?"

"Ṣé ìwọ lo mọ̀ ọ́n tún ṣe ni àbí èmi?"

Lihanda yí ọwọ́ alùpùpù sí ọ̀nà Shinyalu. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé kan tó ní páànù búlúù, Màmá gbá a léjìká pé kó dúró. "Má pa ẹ́ńjìnì. Fún un níná dáadáa."

"Ará ilé á bú wa."

"Iṣẹ́ là ń ṣe. Fún un."

Ó fún un. Wíìììn. Adìẹ fọ́n ká. Ìlẹ̀kùn ṣí, ìyá àgbà kan jáde pẹ̀lú ọmọrogùn tí ugali, ọkà àgbàdo, ṣì lẹ̀ mọ́ lára.

"Ọmọ ta ni ọ́? Ta ló ní kí o gbé nǹkan burúkú yìí wá sẹ́nu ọ̀nà mi? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?" Ìgbà náà ló rí ẹni tó jókòó lẹ́yìn Lihanda. Ọmọrogùn rọra wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Màmá Musimbi wí. Kò sọ̀ kalẹ̀.

"O rán aṣọ tuntun."

"Mo rán an."

"Kò bá ọ mu."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ sí gbogbo aṣọ mi."

Ìyá àgbà kọjú sí Lihanda. "Pa nǹkan yẹn, orí ń fọ́ mi. Ugali mi ti fẹ́ẹ́ jóná." Ó wọlé, ṣùgbọ́n kò ti ìlẹ̀kùn.

Lihanda jókòó síta pẹ̀lú tíì oníwàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mẹ́ta. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà nínú ilé lórí maṣíìnì ìránṣọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ẹni tó gbé e, ẹni tó yẹ kó gbé e, àti ọdún mẹ́rin tí ẹnì kankan ò fi kí ẹnì kejì. Ohùn lọ sókè, ohùn wálẹ̀. Àfi bí ẹnì kan ṣe bú sẹ́rìn-ín, ìkejì sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Màmá Musimbi jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó lọ tààrà sídìí fóònù, ó yọ wáyà tó ń ṣájì í.

"Tan án."

Lihanda tan án, ó fún un níná títí ọwọ́ fi ń ro ó. Orin nìkan ló ń jáde.

"Fóònù ń gba iná lára alùpùpù, ó tún ń fi orin ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ tó so mọ́ alùpùpù kan náà," ni Màmá ṣàlàyé. "Iná wá ń yí po nínú wáyà méjèèjì, ó ń gbé ìdọ̀tí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́. Máa ṣájì fóònù rẹ nílé kó o tó jáde."

Lihanda wò ó. "Màmá, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Nígbà tí mo ní hùn-ún."

"Ẹ wá ń gbé mi yí ìlú?"

"Ìgbà mẹ́ta ni mo ti wá síbí. Tí ẹ̀gbọ́n mi Khavetsa bá ti rí mi lójú fèrèsé báyìí, á ti ìlẹ̀kùn. Àmọ́ kò lè gbọ́ ariwo kó má jáde wá bú ẹni tó ń pa á. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀." Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ká ní mo yọ wáyà yẹn láàárọ̀, kí ni ǹ bá fi pè é jáde?"

Lihanda fẹ́ bínú. Ó ro epo tó ti jó lọ láti àárọ̀, ó tún ro ọmọrogùn yẹn, ẹ̀rín sì gbà á.

"Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí níta yẹn?" Ohùn Khavetsa ti inú ilé wá. "Musimbi, wá jẹun. Kí ọmọ ẹlẹ́fọn yẹn náà wọlé."

Ní Sátidé, akọ màlúù Bàbá Shimenga tẹ̀ lé orin wọ́ọ́rọ́wọ́ dé pápá, ó sì jà títí èkejì fi sá. Lábẹ́ igi kan létí pápá, ìyá méjì jókòó lórí ẹní kan ṣoṣo, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí èyí tó tóbi jù nínú àwọn màlúù náà, débi pé wọn ò rí èyí tó borí.