Bọ́tìnì tí Afẹ́fẹ́ Gbé Sókè

Ọmọ ọmọ mi tí mo ń pè ní Alábéèrè ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ lè gbé ẹrù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Mo ń ṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ní afẹ́fẹ́ tí èmi mọ̀ kò ṣe ju kó tú bébà ìgéṣọ mi ká lọ. Tó bá mọ iṣẹ́ í ṣe, kó wá bá mi fọ aṣọ.

Olùkọ́ wọn nílé ìwé ló ní kí wọ́n ṣe ohun tí afẹ́fẹ́ á fi gbé ẹrù, Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa fi hàn án. Alábéèrè gé páálí bí ewé mẹ́rin, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ imú ike òwú tó ti tán, ó ki sípókù kẹ̀kẹ́ bọ àárín ike náà kó lè máa yí. Ó so òwú mọ́ ara ike, ó sì so bọ́tìnì dúdú kan mọ́ ìdí òwú. Bí ewé bá yí, ike á ká òwú, bọ́tìnì á gòkè.

A gbé e síwájú fáànù, kò yí. Afẹ́fẹ́ kàn ń tì í sẹ́yìn ni. Mo wò ó títí, mo rí i pé ewé rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ jù. Mo lọ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá kan náà, bí etí síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ nídìí ṣe máa ń lọ́. Ó yí. Bọ́tìnì gòkè. Ọmọ náà di ẹsẹ̀ mi mú.

Lọ́jọ́rú, ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, dé. Ọmọ ọdún méjì ni Alábéèrè nígbà tó gbé e fún mi, tó lọ ṣiṣẹ́ lókèèrè. Ó ní òun ti rí ilé tó láyè, àárọ̀ ọ̀la làwọn ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Kò bínú. Ó ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì.

"Màmá, tí Fúráídè bá kọjá, ẹ ó tún ní ó di Mọ́ńdè."

Kò parọ́ mọ́ mi. Ẹni tó bímọ ló lọmọ. Mo padà sídìí máṣìnì. N ò sunkún. Ọkàn mi kàn dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú.

Lójoojúmọ́ tó bá ń lọ ilé ìwé, tó bá dé kọ́nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, á yíjú padà, á juwọ́ sí mi. Ìyẹn nìkan ni mo ń retí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń lọ.

Kò síná, kò sì sí atẹ́gùn. Alábéèrè fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ han ìyá rẹ̀, ó gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà, ewé kankan ò mira. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé e dání, káwọn máa lọ. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì.

Mo ní, "Gbé e síwájú àyà, kó o máa rìn. Atẹ́gùn á pàdé ẹ."

Ó gbẹ́sẹ̀. Ewé mì. Ó yára díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ìyá àgbà, ó ń gòkè o."

Mo ní mo rí i. Ìyá rẹ̀ gbé báàgì tẹ̀ lé e. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà aṣọ mi. Ọmọ náà dé kọ́nà káfíńtà, ó gbé e gbọn-in síwájú, ojú rẹ̀ wà lára bọ́tìnì. Ó yà, kò wẹ̀yìn.