Ìyá Àgbà Jókòó Dí Ẹnu Ọ̀nà

Nampijinpa kò lọ. Nọ́ọ̀sì ti fún un ní oògùn tí wọ́n ń pò mómi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ní kó máa lọ sílé di àárọ̀ ọ̀la. Ìyá àgbà gba oògùn, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré náà, ó na ẹsẹ̀ tí eruku pupa aṣálẹ̀ Ọsirélíà ti bò, ó tẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí itan. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó fò ó kọjá.

Ọmọ náà á ké, á ká orúnkún mọ́ ikùn. Bó bá dákẹ́, á rọ jọwọlọ. Èébì rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Nígbà tí Nampijinpa tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó bá nǹkan gbọọrọ pàdé lábẹ́ awọ, bí ìdin ńlá tí òun fúnra rẹ̀ ti ń hú jáde nínú gbòǹgbò igi láti kékeré fún jíjẹ.

Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Japaljarri, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nìkan ló gbọ́ èdè wọn àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú ilé ìwòsàn náà, òun sì ni ọkọ ọmọ rẹ̀, bàbá ọmọ yìí gan-an. Nínú àṣà wọn, ìyá ìyàwó kì í wojú àna, kì í bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí Japaljarri bi í léèrè, ara ògiri ni ìyá àgbà kọjú sí, nọ́ọ̀sì sì gbà pé kò ní nǹkan kan láti sọ. Dókítà orí fóònù ti ní àìsàn kí ìfun wọnú ara rẹ̀ kì í sábà mú ọmọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà. Ọmọ òyìnbó ló ń mú jù. Japaljarri gbà á gbọ́.

Nampijinpa, ọmọ ilẹ̀ pupa, a-jókòó-bí-àpáta! Ó kẹ̀yìn sí àna rẹ̀, ó tẹ̀ sí etí ọmọ náà, ó sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

"Jungarrayi, ọkọ mi, bá mi sọ fún bàbá rẹ pé ìgbẹ́ gbuuru kọ́ ló ń ṣe ọ́. Kó fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà rẹ lọ́tùn-ún. Bí kò bá bá nǹkan kan níbẹ̀, màá dìde. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá kà mọ́ iye àwọn tí àìsàn mú ni wọ́n ń ròyìn. Ta ló ka ìwọ?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọmọ ọwọ́ lẹ̀ ń bá rojọ́?"

"Ó ń gbọ́ ju ìwọ lọ," ni Nampijinpa fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dá a lóhùn.

Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bo ojú. Japaljarri yọ́ wá, ó fọwọ́ tẹ ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bá nǹkan gbọọrọ náà pàdé. Ó tú ìtẹ́dìí: ẹ̀jẹ̀ tó pò mọ́ ikun ni.

"Pe ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé aláìsàn," ó wí fún nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì ní dókítà ti sọ̀rọ̀ tán.

"Pè é padà. Bí o kò bá pè é, èmi á pè é."

Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ náà ti balẹ̀, ìyá àgbà sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọmọ. Nílùú, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn wọ ìfun ọmọ náà láti ìdí. Ọlọ́run tó ká ìfun sínú ènìyàn jẹ́ kí ó tú. Wọn kò fi ọ̀bẹ kàn án.

Dókítà kan tó ṣì kéré wá rọra sọ fún Nampijinpa pé àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Ẹ ka èyí mọ́ iye tí ẹ ti kà," ni ìyá àgbà wí. Ó ní kí dókítà jọ̀wọ́ yà sápá kan. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀, ọmọ sì fẹ́ jẹun.