Ohùn Sìdíkátù Nínú Fóònù

Ohùn Sìdíkátù dára, kí n má parọ́. Tó o bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ohùn tó tutù, tó rinlẹ̀, bíi ti ẹni tó ń rọ ọmọ kó jẹun. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aránṣọ ni ní Ìgandò, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ní, Aasiyah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Inú ló kọ́kọ́ ń run Aasiyah. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fún un ní oògùn kẹ́míìsì, inú ò yéé run. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, àpẹ́ńdíìsì ti bẹ́ sínú ọmọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa lọ sílé báyìí, ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́, Lucy, gbé fóònù kan fún wọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ra lójú yẹn. Ó ní láràárọ̀ ni fóònù náà á máa bi ọmọ léèrè bí ara ẹ̀ ṣe rí, dókítà á máa gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, kò ní sí pé wọ́n ń wọkọ̀ wá sí ọsibítù lójoojúmọ́.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n òyìnbó ni fóònù ń sọ. Àwòrán ọmọ òyìnbó pupa kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń sunkún. Aasiyah wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín: "Màámi, ta ló gba ẹran lọ́wọ́ eléyìí?"

Lucy náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó yá ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù Sìdíkátù. Wọ́n ti fi ọmọ dúdú onígèlè rọ́pò ọmọ òyìnbó.

"Mummy, ó ku ohùn. Ẹ yá wa lóhùn yín."

"Ohùn tèmi? Ohùn tí mo fi ń bá oníbàárà jà?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi ń pe Aasiyah ni mo fẹ́, kì í ṣe ti ìjà. Ẹ bi àwọn ọmọ bí ẹ ṣe máa ń bi tiyín."

Sìdíkátù tún jókòó dáadáa, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé ara ti yá?" Lucy pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ayọ̀bọ̀, ohùn Sìdíkátù ló ń kí ọmọ wọn láàárọ̀. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò fẹ́ kí Lucy wá kó má jẹun. Ìrẹsì, ẹ̀bà, ohun tó bá wà nílé ṣá.

Sìdíkátù bi í lọ́jọ́ kan tí Lucy ń jẹun lọ́wọ́ pé: "Lucy, fóònù yìí, ṣé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi?"

"Ẹnu Aasiyah nìkan ló ń gbọ́, Mummy. Dókítà nìkan ló sì ń gbọ́ ti Aasiyah. Ṣé mo lè dà yín ni?"

Ó dáa. Ilẹ̀ á mọ́, fóònù á ní, "Ọmọ mi, ṣé ara ti yá?" Aasiyah á ní, "Alhamdulillahi." Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ta ni wọ́n kí nílé wa rí tó dáhùn pé ara òun ò yá? Ìyá tó bí Sìdíkátù, ìgbà tó ń kú lọ, alhamdulillahi náà ló ń wí. Èèyàn á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á wá fà ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sọ ibi tó ń dùn ún gan-an. Fóònù ò mọ̀yẹn. Ó ti gba ọpẹ́, ó ti lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù bèèrè, Aasiyah ò dáhùn.

"Màámi, ó ń ta mí."

Sìzọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ Sìdíkátù, oníbàárà sì dúró tì í lọ́rùn. "Sọ pé alhamdulillahi jàre! Wọ́n ń kí ẹ, o ń ka àìsàn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mi ò tọ́jú ẹ ni? Dá wọn lóhùn, tó bá yá a máa wò ó."

"Alhamdulillahi," ni ọmọ wí.

Nígbà tó yá lóòótọ́, ó wò ó. Báńdéèjì mọ́ lójú, ó bá fọkàn balẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ara ọmọ fi gbóná bí ààrò. Ìgbà tí wọ́n tún gbé e dé ọsibítù, Dókítà Olúgbénga ṣí ojú egbò, ó mirí. Ọyún ti kún inú ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un là.

"Ó yà mí lẹ́nu o, Màdáàmù," ni dókítà wí. "Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún wa pé ara òun ti yá."

Sìdíkátù sunkún. Ó mọ ẹ̀bi tiẹ̀, kò sá fún un. Lucy dì mọ́ ọn: "Ẹ má sunkún, Mummy. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Wọ́n tún ọmọ là, ó sì yè é. Àmọ́ dókítà ní kí wọ́n ṣọ́ ọ gidigidi. Tó bá tún ṣọyún, ọ̀rọ̀ náà á le o.

Aasiyah ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Lucy pe àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ sí gbọ̀ngàn ọsibítù. Òun fúnra ẹ̀ ló fa Sìdíkátù lọ́wọ́, tó fi í jókòó síwájú. Ó wá dìde, ó ní: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ ohun tí kò yẹ ká máa ṣe. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o." Ó tẹ fóònù ọwọ́ ẹ̀, ohùn tí fóònù Aasiyah gbà sílẹ̀ bá jáde.

*Sọ pé alhamdulillahi jàre! Wọ́n ń kí ẹ, o ń ka àìsàn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mi ò tọ́jú ẹ ni?*

Ìyá kan láti Ayọ̀bọ̀, Cecilia, ló kọ́kọ́ pariwo: "Háà! Ìyá inú fóònù nìyẹn!"

"Òun náà ni! Ó ń bi ọmọ tiwa léèrè, ó ń pa tiẹ̀ lẹ́nu mọ́!"

Ni ẹ̀rín bá sọ. Sìdíkátù jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú aṣọ lára ẹ̀ lọ́jà. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n tú ká, ó dá Lucy dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy, a ò kúkú dárúkọ yín."

"Orúkọ wo lo tún fẹ́ dá? Ta ni ò mọ ohùn mi ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́? Ìwọ lo gbé e wọlé wọn. O ní ẹnu Aasiyah nìkan ló ń gbọ́."

Lucy wolẹ̀. "Mo rò pé tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Oúnjẹ mi ṣì wà lẹ́nu ẹ nígbà tó o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Kò bú u. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ bá ọmọ ẹ̀. Ó mú fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì, ó pa á, ó jù ú sínú báàgì pé òun máa dá a padà fún wọn.

"Màámi, ta ni n óò wá máa sọ fún?"

"Èmi ni. Ọmọ mi, ṣé ara ti yá?"

"Alhamdulillahi."

Ẹnu ló sọ ọ́ o. Ojú ọmọ ti kún fún omi. Sìdíkátù rí i. Ó dúró de èyí tó kù, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, Aasiyah ní: "Nọ́ọ̀sì kan ní wọ́n fi ohùn wa rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sọ fún yín, ṣé ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan?"

Sìdíkátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹ̀ rí. "Èmi, ara mi ò yá," ló wí. Ó gbé ọwọ́ ọmọ lé àyà ara ẹ̀. "Ibí yìí ló ń dùn mí. Ó dùn mí gan-an."

Aasiyah wò ó títí. Ó wá rọra fa ọwọ́ ìyá ẹ̀ sábẹ́ aṣọ, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ inú ẹ̀. Ibẹ̀ gbóná.

"Èmi náà, Màámi. Àtàná ni."

"Dókítà nìkan ni màá sọ fún. Ṣé kí n sọ fún un?"

Aasiyah mi orí pé kó sọ ọ́. Sìdíkátù dìde. Lucy ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù míì lọ́wọ́. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ ká yí ìbéèrè yẹn padà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sọ̀rọ̀ sí i."

"Yàgò fún mi," ni Sìdíkátù wí, ó sì ń sáré lọ wá Dókítà Olúgbénga.